Èwo Ni O Fẹ́ràn Jù? Ọ̀rọ̀ Lórí Géèmù Ìgbà Èwe

Bí àlejò bá wọ ilé tí ó sì bá ọmọdé níbẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ni ó sábà máa ń bi í: kí ni orúkọ rẹ, kíláàsì wo ni o wà, ipò kelòó ni o sì gbà nínú ìdánwò tí ẹ ṣe kọjá? Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí àgbà tí yóò fara balẹ̀ bi ọmọ pé, "Nínú gbogbo géèmù tí o ti gbá rí, èwo ni o fẹ́ràn jù, kí sì ni ìdí rẹ̀?" Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, eré ni eré ń jẹ́, ohun tí ọmọdé bá sì yàn nínú eré kò tó ohun tí àgbà ń fi àkókò rẹ̀ yẹ̀ wò.

Àwa kò fara mọ́ èrò yìí. Àwọn baba wa ni wọ́n sọ ọ́ pé ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni yóò ti máa ṣẹnu ṣámúṣámú. Òbí ni ó ń yan aṣọ fún ọmọ, òun ni ó ń yan oúnjẹ, òun ni ó ń yan ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́ fún un; ọ̀pọ̀ òbí tilẹ̀ ti yan iṣẹ́ tí ọmọ yóò ṣe kí ọmọ náà tó mọ ìwé kà. Nínú eré nìkan ni ọmọdé ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ohun tí ó wù ú, láìsí ẹni tí ń tì í lẹ́yìn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú orí tí ọmọ gbé wá sí ayé, kí ó wo ohun tí ọmọ náà mú nígbà tí a fi í sílẹ̀ kí ó mú èyí tí ó fẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó sì kan ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ẹ ń gbé ìjọba kalẹ̀. A ó fi ìdí rẹ̀ hàn bí a ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Àwa tí a jẹ́ ọmọdé láàárín ọdún 1990 sí 2000 kò jẹ́ gbàgbé ẹ̀rọ géèmù tí a ń so mọ́ tẹlifíṣàn. Ilé-iṣẹ́ Nintendo ti ilẹ̀ Japan, tí a dá sílẹ̀ ní ìlú Kyoto ní ọdún 1889 láti máa ṣe káàdì tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń ta, ni ó gbé èyí tí ó lókìkí jù nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jáde ní ọjọ́ 15 oṣù keje ọdún 1983. Family Computer ni wọ́n pè é. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí ó dé àdúgbò wa kì í ṣe ojúlówó. Àwọn mìíràn ni wọ́n wo ojúlówó ṣe é, tí owó rẹ̀ fi mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n ọmọdé kò bìkítà fún ojúlówó tàbí ayédèrú. Bí àwòrán bá ti jáde lójú tẹlifíṣàn, ayọ̀ dé nìyẹn.

Ohun tí a ń tì bọ inú ẹ̀rọ náà ni a ń pè ní kásẹ́ẹ̀tì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí téèpù kankan nínú rẹ̀. Bí ó bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, a ó fà á yọ, a ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí ìdí rẹ̀ bí ẹni tí ń fẹ́ iná ààrò, a ó sì tún tì í padà. Lára àwọn kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí, àwọn kan wà tí ìwé tí a lẹ̀ mọ́ wọn lára ń kéde pé géèmù 9,999 ni ó wà nínú wọn. Nígbà tí a bá tàn án, a ó rí i pé géèmù bíi mélòó kan péré ni, tí wọ́n kàn ń pààrọ̀ orúkọ fún wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ kò ṣàì mọ irú ìwé ìlérí bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìdìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ní àdúgbò tí a ti tọ́ mi dàgbà ní Ìbàdàn, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ó wà fún gbogbo ọmọ ojúlé wa. Ọmọ mẹ́fà tàbí méje ni yóò jókòó sílẹ̀ yí tẹlifíṣàn ká. Páàdì méjì péré ni ó wà. Géèmù kan ṣoṣo ni a sì lè gbá lẹ́ẹ̀kan náà. Iná mànàmáná lè lọ nígbàkígbà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ èyí tí a ó gbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. A ó na ọwọ́ sókè, a ó ka ọwọ́, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá pọ̀ jù ni a ó tàn. Ẹni tí ó bá pàdánù yóò gbé páàdì lé ọwọ́ ẹni tí ó kàn. Ọmọ onílé pàápàá kò gbọdọ̀ di páàdì mú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lù ú. Bí ó bá dán an wò, gbogbo wa ni a ó dìde tí a ó bá tiwa lọ, òun náà yóò sì rí i pé eré àdáṣe kò dùn. A kò tíì mọ orúkọ tí àwọn àgbà ń pe irú ìjọba bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a ń ṣe é. Ó wu ni kí àwọn àgbà kan tí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa máa ṣe é pẹ̀lú.

Olúkúlùkù ni ó ní àyànfẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ìjókòó a máa kígbe Super Mario Bros., tí Nintendo gbé jáde ní ọdún 1985, nítorí pé sísáré àti fífò ni gbogbo iṣẹ́ Mario. Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ìró ìbọn a máa pe Contra. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa tí kì í pariwo, tí kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jà. Tetris ni tirẹ̀, géèmù tí onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Alexey Pajitnov, ṣe ní ìlú Moscow ní ọdún 1984. Nínú géèmù yìí, ègé tí a fi àpótí kéékèèké mẹ́rin ṣe ni yóò máa já bọ́ láti òkè, ènìyàn yóò sì máa tò wọ́n kí ìlà lè kún. Ìlà tí ó bá kún yóò pòórá. Èyí tí a bá tò ní wúruwùru yóò máa ga sí i títí yóò fi kan òkè, géèmù yóò sì parí. Nígbà tí àwa ń wo ègé tí ń bọ̀ lọ́wọ́, ọmọbìnrin yìí ti ń wá ibi tí yóò fi èyí tí ó tẹ̀ lé e sí. Ẹni tí ó bá fi ojú olùkọ́ wò ó nígbà náà ìbá ti mọ̀ pé ọmọ tí ó fẹ́ràn ètò ni, tí ọkàn rẹ̀ sì ń ṣáájú ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ níbẹ̀, àwọn àgbà tí ó sì ń kọjá lọ kò rí ju ọmọ tí ó jókòó síwájú tẹlifíṣàn.

Èyí tí èmi yàn ni Battle City, tí ilé-iṣẹ́ Namco ti ilẹ̀ Japan ṣe ní ọdún 1985. Kò ní ẹwà púpọ̀. Ọkọ̀ ogun kékeré kan ni ènìyàn ń wà. Ọkọ̀ ọ̀tá 20 ni yóò sì jáde sí i ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ní ìsàlẹ̀ pápá, ní àárín gan-an, àmì ẹyẹ idì kan wà tí a fi bíríkì yí ká. Iṣẹ́ wa ni pé kí á má ṣe jẹ́ kí ọta ìbọn kan ẹyẹ náà. Bí ọta bá bà á, géèmù parí lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹ̀mí tí ó kù fún wa pọ̀ bí ewé.

Ohun méjì ni ó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Èkínní ni pé ènìyàn méjì lè jọ gbá a, kì í ṣe láti bá ara wọn jà, bí kò ṣe láti jọ ṣọ́ ẹyẹ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà níbẹ̀. Bí ọta ìbọn mi bá ba ẹnìkejì mi, yóò dúró gbagidi láìlè mira fún ìgbà díẹ̀, ọ̀tá yóò sì rí àyè kọjá. Èyí tí ó tún burú jù ni pé ọta tí ó ti inú ìbọn tiwa jáde lè fọ́ ẹyẹ idì tiwa, bí ìgbà tí ọ̀tá bá yìn ín gẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a pàdánù tí kì í ṣe ọ̀tá ni ó ṣẹ́gun wa. Ẹni tí ó ń wá ògo ara rẹ̀ ni ó yìnbọn láìwẹ̀yìn. A kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ kankan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti pẹ́ nínú òṣèlú ilẹ̀ yìí yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Bí kò bá sí tinú ilé, tòde kò lè pani.

Èkejì ni pé Battle City gbà kí ẹni tí ń gbá a fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ pápá ogun tí ó bá fẹ́. Pápá náà jẹ́ àpótí 13 ní ìbú àti àpótí 13 ní òró, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 169. Nínú àwọn àpótí wọ̀nyí a lè to bíríkì tí ọta ń fọ́, irin tí ọta lásán kò ràn, odò tí ọkọ̀ kò lè là kọjá, igbó tí ń bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀, tàbí yìnyín tí ń mú kí ọkọ̀ yọ̀. Ẹ̀rọ náà kò lè tọ́jú ohun tí a kọ́. Bí iná bá lọ, gbogbo làálàá wa lọ nìyẹn. Nítorí náà ni èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi kan ṣe ń ya pápá wa sínú ìwé ìṣirò tí ìlà rẹ̀ dà bí àwọ̀n. A ń ka àpótí, a ń pín in sí méjì, a ń jiyàn, a ń pa á rẹ́, a sì ń tún un yà. Bí odò bá pọ̀ jù, ọ̀tá kò rí ọ̀nà gbà. Bí a bá fi irin yí ẹyẹ idì ká, kò sí ewu mọ́, eré kò sì dùn mọ́. Láìsí ẹni tí ó kọ́ wa, a ti ń kọ́ bí a ti ń ṣe òfin tí yóò le tó, tí kò sì ní le jù. Ẹni tí ó bá mọ̀ bí òfin ṣe ń rí bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n pàápàá láàárín àwọn tí a dìbò yàn láti ṣe òfin.

Ní ọjọ́ kan, olùkọ́ kan rí ìwé náà lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ mi yìí, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù nínú iṣẹ́ náà. Olùkọ́ náà kì í ṣe ènìyàn búburú. Ìwé ìṣirò tí òbí fi owó rà ni ó rí, tí ọmọ fi ń ya ohun tí kò ní orí tí kò ní ìdí lójú rẹ̀. Ó fa ewé náà ya níwájú kíláàsì, ó sì ní kí gbogbo wa wo ohun tí ọ̀lẹ fi ń ṣe ìṣirò. A rẹ́rìn-ín. Ẹlẹgbẹ́ mi náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wa, nítorí pé ohun tí ọmọdé ń ṣe nìyẹn bí ojú bá tì í. Kò tún ya pápá kankan mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìtàn mìíràn wà tí a fẹ́ kí ẹ gbé sí ẹ̀gbẹ́ ti ìṣáájú. Ǹjẹ́ ẹ ti bi ara yín rí ohun tí ó tilẹ̀ mú kí ó ṣeé ṣe fún ọmọdé láti yan géèmù? Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ Pong tí ilé-iṣẹ́ Atari ní Amẹ́ríkà gbé wọ ilé àwọn ènìyàn ní ọdún 1975 kò mọ̀ ju Pong lọ. Ohun tí a kọ́ mọ́ ẹ̀rọ nínú ni ó wà níbẹ̀. Bí ó bá sú ọmọ, ẹ̀rọ tuntun ni baba rẹ̀ yóò lọ rà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1976 ni ilé-iṣẹ́ Fairchild gbé ẹ̀rọ kan tí a ń pè ní Channel F jáde. Ẹ̀rọ yìí yàtọ̀, nítorí pé inú kásẹ́ẹ̀tì ni a kọ àṣẹ géèmù sí. Bí ènìyàn bá fẹ́ òmíràn, yóò yọ ti ìṣáájú, yóò sì ti òmíràn bọ̀ ọ́. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ń jẹ́ Alpex ni ó kọ́kọ́ ní èrò náà. Ẹni tí ó ṣe olórí àwọn tí wọ́n sọ èrò náà di ohun tí ọwọ́ ọmọdé lè tì bọ̀ kí ó sì fà yọ ní àìmọye ìgbà láìbàjẹ́ ni Jerry Lawson, ọmọ aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1977 Atari náà gbé ẹ̀rọ oníkásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ jáde, Nintendo sì tọ ọ̀nà kan náà ní ọdún 1983. Kásẹ́ẹ̀tì tí à ń fẹ́ atẹ́gùn sí ní Ìbàdàn, nínú ìran iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yìí ni ó ti wá.

Ní ọdún 1940 ni a bí Lawson ní Brooklyn, ní ìlú New York, ní Queens ni ó sì ti dàgbà. Ìyá rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ṣeré; a máa lọ sí ilé ìwé fúnra rẹ̀ láti wo bí wọ́n ti ń kọ́ni. Lawson fúnra rẹ̀ sọ, nígbà tí ó ti dàgbà, pé nígbà tí òun wà ní kíláàsì kìíní, olùkọ́ òun fi àwòrán George Washington Carver kọ́ sí ara ògiri ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí òun ń jókòó sí. Carver yìí ni ọmọ aláwọ̀ dúdú tí a bí sínú oko ẹrú, tí ó di ọ̀gá nínú ìmọ̀ ohun ọ̀gbìn, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn nítorí iṣẹ́ ìwádìí lórí ẹ̀pà. Olùkọ́ náà sọ fún ọmọ náà pé òun náà lè dà bẹ́ẹ̀. Kò sí ju ìyẹn lọ: àwòrán kan àti ọ̀rọ̀ ẹnu díẹ̀. Nígbà tí Lawson fi wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin, ó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ rédíò sínú yàrá rẹ̀, ó sì ń bá àwọn ènìyàn tún tẹlifíṣàn ṣe. Ó kú ní ọdún 2011, lẹ́yìn tí gbogbo ọmọdé ayé ti fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣeré tán, tí ọ̀pọ̀ wọn kò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbé ìtàn méjèèjì yìí ka iwájú. Ọ̀kan fa ewé ya, ọ̀kan fi àwòrán kọ́ sára ògiri. Owó oṣù kọ́ ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀, kì í sì í ṣe ìwé ẹ̀rí. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ohun tí olúkúlùkù wọn rí nígbà tí ó wo ọmọdé. Igba ọmọ lè jókòó síwájú géèmù kan náà, ọ̀kan tàbí méjì nínú wọn ni yóò béèrè pé, "Ta ni ó ṣe eléyìí, báwo ni ó sì ti ṣe é?" Ọmọ tí ó béèrè bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí á sọnù.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò sọ pé géèmù ń gba àkókò ìwé kíkà, pé àwọn ọmọ ń sá ní ilé ìwé lọ sí ìsọ̀ géèmù, pé oorun kì í kun àwọn tí ó ní fóònù lọ́wọ́. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ti fi àìlèjáwọ́ nínú géèmù kún ìwé àwọn àìsàn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2022: ẹni tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu mọ́, tí géèmù gba ipò gbogbo nǹkan yòókù lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì lè jáwọ́ bí ó tilẹ̀ ń pa á lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí wọ́n ti fi tẹ́tẹ́ rọ́pò géèmù. Tẹ́tẹ́ kì í sì í ṣe géèmù, nítorí pé owó ọmọ ni ó ń wá, kì í ṣe ọgbọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í torí pé ọ̀bẹ lè géni lọ́wọ́ kí á má fi gé ẹran jẹ. Ọmọ tí àgbà ń bá sọ̀rọ̀ nípa géèmù rẹ̀ yóò gbà kí àgbà dá àkókò fún un. Ọmọ tí àgbà ń fi géèmù bú kò ní ṣe ju kí ó lọ fara pamọ́ gbá a.

Eré tí ń mú ọpọlọ ṣiṣẹ́ kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn baba wa ta ayò lábẹ́ igi, ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ọ̀ta ń ka ihò tí ọmọ yóò dé kí ó tó gbé e, ọ̀pẹ̀ sì ń gbé e kí ó tó kà á. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì, John Romein àti Henri Bal, ní ìlú Amsterdam, mú ìbátan ayò wa tí wọ́n ń pè ní awari, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà tí a so pọ̀ wo gbogbo ọ̀nà tí ọmọ ayò lè gbà wà nínú ihò. Ipò 889,063,398,406 ni wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé bí àwọn méjèèjì tí ń ta á kò bá ṣi ọmọ gbé, ọ̀mì ni yóò jásí. Ìmọ̀ tí ó wà nínú ọpọ́n tí a fi sílẹ̀ lábẹ́ igi ni àwọn ẹlòmíràn gbé wọ yàrá ìwádìí. Ní ilé náà, àwọn kan ti ń gbìyànjú. Ilé-iṣẹ́ Maliyo Games tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2012 ti ṣe géèmù tí ó dá lórí ọ̀kadà ìgboro wa. Ṣùgbọ́n wọn kò tíì pọ̀ tó. Ọmọ wa ṣì ń yan láàárín ohun tí Tokyo, Moscow àti Amẹ́ríkà bá gbé síwájú rẹ̀; ẹni tí a bá sì fi yíyàn mọ sí ohun tí ẹlòmíràn ṣe, ààbọ̀ yíyàn ni a fún un.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe olórí rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọmọ tálákà àti ọmọ olówó. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ìjọba náà dá tẹlifíṣàn sílẹ̀ ní Ìbàdàn, wọn kò sì wò ó bí ohun ìṣeré nìkan. Ẹ̀kọ́ wà lára ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀. Ní ọdún 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì àgbà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n pè é ní Ọpọ́n Ìmọ̀, orúkọ tí ó ń mú ọpọ́n ayò wá sí ìrántí. Ìjọba tí ó bá ronú nípa ọmọdé ń mú kí ohun tí ọmọdé lè yàn pọ̀ sí i; ohun tí ẹgbẹ́ fi ń ṣe rere nìyẹn, orúkọ yòówù kí ó máa jẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí olùdíje bá dé wọ́ọ̀dù yín pẹ̀lú ìlù àti fìlà, ẹ má ṣe béèrè ìrẹsì nìkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bi í pé kọ̀ǹpútà mélòó ni ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwé ìjọba tí ó wà ní àdúgbò yín, tí kì í ṣe èyí tí a tì mọ́ yàrá ọ̀gá ilé ìwé kí eruku máa bò ó. Ẹ bi í bóyá iná wà tí yóò gbé wọn. Ẹ bi í bóyá a ti kọ́ olùkọ́ tí yóò kọ́ ọmọ. Bí ó bá ní òun yóò kó 9,999 wá, ẹ rántí kásẹ́ẹ̀tì.

Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má ṣe ká ọwọ́ lẹ́rán títí ìjọba yóò fi dé, nítorí ohun tí ó lè ṣe lọ́la láìná owó wà. Ẹ fún àwọn ọmọ ní àròkọ ní èdè Yorùbá: "Géèmù tí mo fẹ́ràn jù, àti ìdí rẹ̀." Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ kankan rí, kí ó kọ ti ayò tàbí ti ten-ten, nítorí pé yíyàn ni à ń wá, kì í ṣe ọrọ̀ baba ọmọ. Ẹ ka ìdí tí wọ́n kọ, ẹ ó rí ẹni tí ó fẹ́ràn ètò, ẹni tí ó fẹ́ràn àjùmọ̀ṣe, àti ẹni tí ó fẹ́ láti kọ́ nǹkan. Lẹ́yìn èyí, ẹ fún wọn ní ìwé tí ìlà rẹ̀ dà bí àwọ̀n, kí wọ́n ṣe géèmù tiwọn, kí wọ́n kọ òfin rẹ̀, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì gbá a lójú wọn. Òfin tí kò bá pé yóò tú àṣírí ara rẹ̀. Níbi tí kọ̀ǹpútà bá wà, Scratch wà, tí ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2007 kí ọmọdé lè fi máa ṣe géèmù fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Bí àyè bá sì kù lára ògiri kíláàsì yín, ẹ fi àwòrán Jerry Lawson kọ́ síbẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn ọmọ wa ní ojú tí ó ń rí ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ ju tiwa lọ. Àwa ni a ní ọwọ́ tí ó lè gbé e kalẹ̀ fún wọn láti orí pẹpẹ. Ẹ jẹ́ kí á bi wọ́n ní ìbéèrè kẹrin yẹn, kí á sì dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.